Mi Ò Ní Dárúkọ Rẹ̀

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.
Mo mọ̀ ọ́n o. Èmi ni mo pààrọ̀ gíláàsì fóònù rẹ̀ àkọ́kọ́
nínú ìsọ̀ mi ní Òmù-Àrán, lẹ́yìn gáréèjì,
lọ́dún tí ọyẹ́ la ètè gbogbo wa.
Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sókè ni.
Ó gbé fóònù náà sókè, ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń wò mí?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mi ò mọ̀ pé ebi ló ń sọ̀rọ̀.

Ebi inú, ẹ̀bà yóò pa á.
Ebi ojú aráyé ńkọ́?
Ìkòkò wo la ó se oúnjẹ rẹ̀ nínú ẹ̀?

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dá ọkọ̀ Ráímì dúró
lójú ọ̀nà Àrándùn, gbágùúdá kún inú ẹ̀ dẹ́nu.
Olè mìíràn a bo ojú.
Eléyìí ṣí tirẹ̀ sílẹ̀,
ó fá irùngbọ̀n, ó fi ìpara pa ètè,
ó gbé fóònù fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀:
"Rí i pé ìbọn náà hàn. Rí i pé eyín mi hàn."
Ó fún ara rẹ̀ lórúkọ kan tó ń dún bí àrá.
Ìyẹn náà, mi ò ní pè é.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ti rí i.
Ta ló pín in? Àwa ni.
Ìyàwó mi wò ó lẹ́ẹ̀méje, ó ń ké "Yéè" lẹ́ẹ̀méjèèje.
Alágbàṣe tó wá ṣáàjì fóònù tọrọ rẹ̀ kó tó tọrọ omi.
Ọmọ Lèmọ́mù fi ránṣẹ́ sí ọmọ Pásítọ̀.
Èmi tí mò ń sọ yìí, ogún ènìyàn ni mo fi ránṣẹ́ sí,
mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ìkà!"
Ẹ wo ìkà, ẹ wo ìkà:
ohun tí ìkà ń tọrọ gan-an nìyẹn.

A ṣépè fún un. Ó ka èpè náà bí ẹni ń ka owó.
Ọ̀kẹ́ márùn-ún ojú.
Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún yọ, lọ́nà Ìlọfà,
ìbọn gùn sí i, ẹ̀rín gùn sí i.
Iná igbó kì í wá olùwòran kó tó jó;
iná tiwa yìí, bí ojú bá kúrò lára rẹ̀, eérú ni.

Àwọn ọmọ iléèwé ń fi pákó ṣe ìbọn,
wọ́n ń du ẹni tí yóò jẹ́ òun.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Ráímì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ẹ̀jẹ̀ ń kán létí rẹ̀.
Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi:
kò bèèrè omi, kò bèèrè ìyá rẹ̀.
Ó ní, "Ẹni mélòó ló ti wò mí láti àná?"
Àwọn tó mú un náà yọ fóònù,
wọ́n ní kó gbé ojú sókè.

Ráímì Àjàó. Orúkọ tí mo fẹ́ pè nìyẹn.
Àpá wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí omi rádíétọ̀ ti bó o.
Ó máa ń súfèé, súfèé tí kò lórí tí kò nídìí.
Ó jẹ mí ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà owó ṣájà,
ó ní bí òun bá ti Ìlọrin dé lọ́jọ́ Ẹtì, òun á san án.
Sálúbàtà rẹ̀ kan wà létí ọ̀nà yẹn títí òjò fi gbé e.
Fídíò ò ká a. Ẹni tó mú fóònù ò kọjú síbẹ̀.

Lánàá, ọmọkùnrin kan wọlé.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi fídíò yẹn sí i, ti…"
Ó pe orúkọ náà, ojú rẹ̀ ń tàn.
Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Irọ́ ni.
Ó ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ àwòrán ìkómọ ọmọ mi.
Mo gbé àtàǹpàkò lé e. Fóònù bi mí:
ṣé o fẹ́ pa á rẹ́ lóòótọ́?
Iná lọ. Ìsọ̀ ṣókùnkùn.
Ọmọ náà ṣì dúró.
"Jókòó," mo ní. "Ǹjẹ́ o mọ Ráímì?"