Ẹni Tó Ń Ṣa Igi

Òkun kọ̀ fún àlùfáà lónìí, kò rí ọ̀nà kọjá.
Agogo ṣì dún.
Tummas ló fà á, pẹ̀lú ìka mẹ́jọ
tí okùn àwọ̀n fi sílẹ̀ fún un.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà là ń rí àlùfáà ní erékùṣù Fáró níbí,
bí ìgbì bá gbà, bí ọkọ̀ bá gbà.
Bí wọn ò bá gbà, àwa la ó kàwé fún ara wa
lábẹ́ òrùlé tí koríko hù lórí rẹ̀,
lábẹ́ ọkọ̀ onígi kékeré tí wọ́n so kọ́ àjà,
tí kò rìn rí, tí kò rì rí.

Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú iná.
Mo ti rò pé òǹkàwé ni wọn yóò fi mí ṣe.
Mo mọ̀wé. Ohùn mi já gaara.
Ṣùgbọ́n Hanus ni wọ́n gbé ìwé ńlá náà lé lọ́wọ́,
Hanus tó ń yọ̀ lórí orúkọ àwọn ọba Júdà
bí àgùntàn lórí yìnyín.
Mo bínú. Ṣé kí n purọ́ nínú ilé Ọlọ́run ni?
Láti ìgbà tí a gé koríko títí òjò dídì fi dé,
mo ń ju igi tí òkun gbé wá sínú ààrò
bí ẹni ń sọ òkò.

Ìyá Marjun ló rí mi,
ẹni tó ń hun ìbọ̀wọ́ fún ọmọ tí òkun gba baba rẹ̀.
Kò dárúkọ Dọ́káàsì rí; abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ń wàásù.
Ó na ẹsẹ̀ sí iná mi, ó ní:
“Sunniva, nígbà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fọ́ ní Mẹ́lítà,
tí òjò ń rọ̀, tí òtútù ń mú,
ta ló lọ ṣa igi?”
Mo dákẹ́.
“Ẹni tó kọ̀wé sí Róòmù ni.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ìdì igi kan,
kí ẹlẹ́wọ̀n àti ọmọ ogun lè jọ yáná.”
Mo ní, “Ìyá, ejò sì bù ú jẹ.”
Ó rẹ́rìn-ín.
“Kò sí ejò ní erékùṣù wa, ọmọ mi,
àfi èyí tó wà láyà rẹ yẹn.
Gbọn ọ́n sínú iná.”

N kò gbọ̀n ọ́n dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé wa.
Tummas ń gbá yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, mo rántí Sámúẹ́lì:
Ọlọ́run pè é lóru,
síbẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́,
ilẹ̀kùn ló lọ ṣí.
Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin gbé Jákup aláìlèrìn gòkè lórí àga;
wọn ò já òrùlé,
òkè nìkan ló fẹ́ já wọn léèémí.
Birita ń pọn omi kọfí láti odò dídì.
Ní Kánà, alága àsè tọ́ wáìnì wò,
kò mọ ibi tó ti wá.
Àwọn tó pọnmi mọ̀.

Lónìí Hanus dé ibi orúkọ kan, ó dúró.
Ó gbé ojú sókè. Ilé pa lọ́lọ́.
Láti ẹ̀gbẹ́ ààrò mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́:
“Jèhóṣáfátì.”
Ó gbà á bí ọkọ̀ ṣe ń gba okùn láti èbúté,
ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìsìn,
èémí ń rú lẹ́nu olúkúlùkù bí èéfín.
Nígbà tí a kọ orin ìkẹyìn, kò sí èyí tó hàn mọ́.
Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó lọ.
Mo fi igi kan sí i.