Ìṣẹ́jú Kẹtàdínlógún

Ní Mustvee, létí adágún Peipsi, nínú oṣù Èrèlé,
òtútù ń gé etí bí abẹ fẹ́lẹ́.
Mo rì gbohùngbohùn méjì sábẹ́ yìnyín
láti ojú ihò tí àwọn apẹja fi sílẹ̀,
mo jókòó lórí garawa, mo ń gbọ́:
adágún ń kérora bí irin tí wọ́n ń fà tu.
Mo kó ohùn náà relé, wákàtí kan géérégé.

Ṣùgbọ́n ètò tí mo fi ń tún ohùn ṣe lórí Línọ́ọ̀sì
kò gbà.
Tó bá ti dé ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún,
níbi tí yìnyín ti sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàù,
ojú rẹ̀ a funfun,
a pòórá, bí ẹni pé n kò ṣí i rí.
Kò tọrọ gáfárà. Kò dágbére.

Leida, aládùúgbò mi tó ń gbin àlùbọ́sà, ní
"Adágún ò fẹ́ kí o mú òun dé ìdí iná ni."
Mo rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kẹta, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo pa á, mo tàn án. Mo pààrọ̀ okùn.
Mo gé ìṣẹ́jú yẹn sọ́tọ̀, mo gbọ́ òun nìkan:
ó dún, nǹkan kan ò ṣe é.
Háà. A jẹ́ pé yìnyín kọ́ lọ̀daràn.

Ìgbà náà ni mo ṣí fèrèsé dúdú,
mo fọwọ́ ara mi tẹ orúkọ ètò náà síbẹ̀,
kó lè kú níṣojú mi,
kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹnu rẹ̀.
Ọgọ́fà ìlà ló sọ kó tó ṣubú.
Mo kà á tán, tíì mi ti tutù.
Ìlà kan péré ló dárúkọ:
"Saal", èyíinì ni gbọ̀ngàn lédè wa,
irinṣẹ́ kékeré tó ń fún ohùn láyè,
tí Heino kọ fún mi lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn
lórí tábìlì yìí kan náà.
Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún ni mo ti ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Mo ti gbàgbé.
Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń lé ọ̀tá kiri,
inú ilé laṣeni jókòó sí.

Mo pe Heino ní Tartu. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ọdún mẹ́jọ? O ò tún un kọ́ rí?"
"O sọ fún mi pé ó ti parí."
"Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó dúró lé lórí.
Fi ránṣẹ́ lọ́la."
Kò béèrè orúnkún mi.
Èmi náà ò béèrè Kersti.

Mo yọ Saal kúrò, mo tẹ bọ́tìnì.
Kẹẹ̀ẹ́dógún. Kẹrìndínlógún.
Gbàù!
Ó kọjá. Ohùn náà gbẹ, kò ní gbọ̀ngàn kankan lẹ́yìn,
gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lórí garawa.
Leida kan ògiri láti òdìkejì:
"Kí ló fọ́?"