Igi Tó Pọn Iṣan

Ní Uqsuqtuuq, igi kì í hù.
Òkun ni ó ń bá wa gbé e wá,
igi tó ti rìn títí tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀,
tí iyọ̀ ti jẹ èèpo rẹ̀ tán,
tó funfun bí egungun létí omi.
Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni mo rí lọ́dún tí mo pé mẹ́rìnlá.
Oṣù kan gbáko ni mo fi gbẹ́ ẹ.
Mo fi ọ̀bẹ, mo fi èéfọ́ ìgò ha á
títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, tó jọ ọrun.

Mo fà á. Ó dún: kẹ̀!
Ẹ̀rún igi kan gbéra lẹ́yìn rẹ̀
bí èékánná tó ṣí.

Saumik, àbúrò bàbá mi, ọlọ́wọ́ òsì,
wò ó láti orí ọ̀kadà yìnyín rẹ̀,
kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì.
"Fi téèpù dì í," ni ó wí, "tàbí kí o fi dáná.
Ìbọn wà nílé. Ta ní ń fi ọrun pẹran mọ́?"
Ó lọ. Èéfín rẹ̀ dúró.

Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín,
Niviaq, tó ń pè mí ní ọkọ òun
nítorí orúkọ olóògbé ni wọ́n sọ mí, Aqigiq,
tó sì máa ń bá mi jà nígbà mìíràn
lórí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ
kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó là.
"Ọkọ mi, ikùn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.
Ikùn a máa sún kì, ikùn lè fara dà á.
Ẹ̀yìn ni ìyà ń jẹ. Ẹ̀yìn ni à ń nà
títí yóò fi já.
O bí ọmọ igi, o ò fún un ní àtìlẹ́yìn."

Ó mú iṣan wá, iṣan ẹ̀yìn àgbọ̀nrín,
tó gbẹ kanrin bí páálí.
Ẹ̀yìn la ó fi tún ẹ̀yìn ṣe.
Mo fi èékánná ya á, mo fi ẹnu rẹ̀ ẹ́
títí ètè mi fi ń ta mí.
Òun ń dì í ní mẹ́ta-mẹ́ta bí irun,
pẹ̀lú ìka tí oríkèé rẹ̀ ti wú.
Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Kókó ni, ìdè ni.
Okùn náà ń lọ láti orí dé ìdí ọrun, ó ń padà
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé,
ó tún lọ, ó tún padà.

Lẹ́yìn náà, láti inú agolo bisikíìtì,
ó yọ egungun kékeré méjì,
ó kì wọ́n bọ àárín okùn, ó lọ́ ọ.
Ó tẹ́tí. Ó tún lọ́ ọ.
Igi náà rọra tẹ̀ sẹ́yìn
bí obìnrin tó ń gbé ọmọ sọ kí ó tó bọ́ sọ́nà.

Mo ní, "Ìyá, ó ti pọn ọmọ."
Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
"Lọ́dún ebi," ni ó wí,
"mo pọn ọmọ kan nínú ẹ̀wù onírun
láti odò dé èbúté, ọjọ́ mẹ́rin.
Gbogbo èèyàn ní kí n sọ ẹrù kalẹ̀.
Ẹrù kọ́. Igbe rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n jókòó sínú yìnyín.
Saumik ni."

Ó fún mi ní ọrun náà pé kí n má gbé e sùn nílé,
ooru a máa sọ iṣan di ọ̀lẹ.

Lówùúrọ̀ mo fà á dé etí. Kò sọ nǹkan kan.
Agolo epo ni mo fojú sùn.
Ọfà náà kọjá lórí agolo,
ó gba ìjókòó ọ̀kadà yìnyín Saumik wọlé dé ìrù.

Téèpù ló fi dì í. Ó ṣì wà níbẹ̀.