Ìwé Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́, Ẹ̀ka Òkè-Baálẹ̀

Kòkòrò ti jẹ ẹ̀yìn ìwé Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́.
Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ni mo ti fà á yọ,
òun àti bàtà ẹsẹ̀ kan, àti ìgò tàdáwà tó ti gbẹ.

Ojú ewé kìíní, ọwọ́ Oyèékànmí, akọ̀wé rélùwéè:
"Ohun tó wà nílẹ̀, kó máa wà nílẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé ṣe, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kọ́ ọ."
Mọ́kànlélógún wọn ló tẹ̀ka sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí:
oníkòkó, aláṣọ òkè, lèmọ́mù kan, olùkọ́ Bíbélì kan,
àti Sikírátù Aláró, obìnrin kan ṣoṣo àárín wọn,
tí àmì àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì dúdú ju ti gbogbo wọn lọ.

Ìbò àkọ́kọ́, wọ́n wọlé.
Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìndínlógójì.
Wọ́n pa màlúù. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ onírin tó gùn tó apá
láti Òkè-Baálẹ̀ dé Ìta Olóòókan,
ọmọdé ń ké, "Ta ló tì í?"
àgbà ń dáhùn, "Àwa la tì í!"
N ò tíì dáyé nígbà náà.
Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ ọ́, sọ ọ́,
títí mo fi rò pé mo wà léjìká ẹnì kan lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn ò ní yí nǹkan kan padà.
Wọn ò purọ́.
Kànga tó dí kò là,
afárá tó wó kò dìde.
Ìbò kejì, wọ́n wọlé tagbáratagbára. Adìyẹ ni wọ́n pa.

Sójà dé.
Pátákó ẹgbẹ́ di ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ lágbàlá Múnírù Alápatà.
Ewúrẹ́ lá lẹ́tà àkọ́kọ́ tán,
ó ku "gbẹ́ Kọ́kọ́rọ́",
bí ẹni ń bẹ alágbẹ̀dẹ níṣẹ́.
Ọdún mẹ́tàlá ni bàbá mi fi ń kọ ọ́, oṣooṣù:
Kò sí ìpàdé.
Kò sí ìpàdé.
Òjò rọ̀. Kò sí ìpàdé.

Nígbà tí wọ́n tún tú òṣèlú sílẹ̀,
ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ àyípadà
yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹta:
Kọ́kọ́rọ́ Tuntun, Kọ́kọ́rọ́ Àparapọ̀,
ẹ̀kẹta gùn débi pé kò gba orí fìlà.
Irinwó ó lé méjìlá.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.
Ikú kì í dìbò, àmọ́ ó mọ orúkọ í pa rẹ́:
Oyèékànmí, ilà kan. Lèmọ́mù, ilà kan.
Sikírátù, bàbá mi ò fa ilà kankan,
ó kàn fi ìka pa á, kò sì parẹ́.
Kọ́kọ́rọ́ onírin ńkọ́?
Òun la fi ń gbé fèrèsé ilé ìdáná ró,
kó má baà padé, kí èéfín lè ráyè jáde.

Ìdìbò tó kẹ́yìn, mo ti tó ẹni tí í dìbò.
Mo wọ ẹ̀yìn aṣọ títa ní ọgbà iléèwé.
Kọ́kọ́rọ́ wà lójú ìwé, kékeré,
láàrin ẹyẹ àti fìtílà.
Ọwọ́ mi lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀.
Mo tẹ ẹyẹ.

Lálẹ́, wọ́n ka ìbò: mẹ́tàlélógún.
Bàbá mi ṣí ìwé, ó ń fi ìka ka àwọn tó ṣẹ́ kù.
Mẹ́rìnlélógún. Ó tún un kà.
Ó wo ìka mi tí tàdáwà ò tíì ṣí lára rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ̀bà rẹ ń tutù."

Ojú ewé yẹn náà ni mo ṣí kàn báyìí.
Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n:
"Mẹ́tàlélógún. Ẹnì kan ṣì ń rò ó."