Mítà Mẹ́fà Àbọ̀

Steinvör kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn.
Àṣẹ tó bá ti ju ìlà mẹ́jọ lọ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀,
yóò gé e sí méjì, yóò fún ìkọ̀ọ̀kan lórúkọ,
bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ àgùntàn lórúkọ níbí nígbà ìrúwé.

Àkọ́kọ́ nìyí: kó nọ́ńbà fún un,
á dá méjì péré padà, èyí tó kéré jù, èyí tó ga jù.
Ogunlọ́gọ̀ tó wà láàárín,
kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Èkejì a máa sún ààlà sẹ́yìn díẹ̀,
ìdá kan nínú ogún lókè, ìdá kan nínú ogún nísàlẹ̀,
kí àmì má baà forí gbá etí ìwé.
"Ta ló ń kọ́lé," ó wí, "tí orí onílé á máa kan àjà?"

Ẹ̀kẹta ń kó gbogbo nǹkan sáàárín òdo àti oókan:
òjò Höfn, ìwúwo yìnyín, owó oṣù mi,
gbogbo wọn á jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà.
Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà gbogbo bá dọ́gba, òdo la ó fi pín wọn,
ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe.
Ó wá kọ ẹ̀kẹrin, tó kàn ń béèrè ṣáá pé
ǹjẹ́ nǹkan kan tilẹ̀ yàtọ̀?

Mo ní, bí mo bá wá gbé àpò òfìfo fún àkọ́kọ́ ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dán an wò.
Èyí tó kéré jù: àìlópin.
Èyí tó ga jù: àìlópin ti ìsàlẹ̀ òdo.
Mo ń wò ó títí kọfí mi fi tutù.
Ẹni tí kò tíì rí nǹkan kan láyé,
ààlà rẹ̀ dorí kodò,
ó ń dúró de nọ́ńbà kan ṣoṣo tí yóò gbé e nàró.

Oṣù kọkànlá ni ìwé odò dé ọwọ́ mi.
Ọdún mọ́kànlélógún, wákàtí kan tẹ̀lé òmíràn,
omi kò kúrò láàárín mítà kan sí mẹ́ta.
Àfi nọ́ńbà kan, aago mẹ́ta òru: mẹ́fà àbọ̀.
Nítorí tirẹ̀, gbogbo ìyókù fẹ̀ mọ́lẹ̀ bí koríko tí a tẹ̀.

Èmi Ketill, ọmọ oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́,
mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe.
Àṣẹ karùn-ún wà: ohun tó bá kọjá ààlà, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ààlà.
Ẹ̀kẹfà le jù bẹ́ẹ̀: ohun tó bá kọjá ààlà, kò sí mọ́.
Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, kan sí mẹ́ta.
Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì.

Steinvör gbé fóònù.
Ó pe Bárður, olùṣọ́-àgùntàn ẹ̀bá odò,
ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀.
"Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Mélòó?"
Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Òru tí omi abẹ́ yìnyín já ni.
Afárá lọ. Àgùntàn mẹ́rìnlélógójì lọ.
Ẹ̀rọ wa ka mẹ́fà àbọ̀ tán, òun náà lọ."
Òótọ́ ni. Lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn,
ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ihò gbáà, kò sí nǹkan níbẹ̀.
Èmi kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀.

Kò bá mi wí.
Ó pa kan sí mẹ́ta mi rẹ́,
ó ní kí odò fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó dé.
Àwòrán náà jáde: omi pẹrẹsẹ ọlọ́dún gbọọrọ,
ìlà kan ṣoṣo tó nà gbọnrangandan,
àti lókè orí rẹ̀, ìdá kan nínú ogún,
àyè funfun tí omi kò tíì dé.

N kò fẹ́ràn àyè funfun yẹn.