Yẹ́ẹ̀sì Mẹ́ta

Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni Gareth alágbàtà iná pè, ní Rochdale,
ìyẹ̀fun kún ọwọ́ mi dé ìgúnpá.
Ó ń rọ̀jò ọ̀rọ̀, mo ń fi "yẹ́ẹ̀sì" gbè é lẹ́sẹ̀,
ṣebí bí ọmọlúàbí ṣe ń gbọ́rọ̀ nìyẹn.

Ọdún márùn-ún ló fi yẹ́ẹ̀sì mẹ́ta so mọ́ mi lọ́rùn.
Owó iná gun àkàbà.
Iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ló wí;
àṣé ẹyọ iná kọ̀ọ̀kan ló ń bù jẹ,
bí èkúté àjà.

Mo fẹjọ́ sùn. Wọ́n fi ohùn mi ránṣẹ́ sí mi:
ààrò ń kùn, agolo búrẹ́dì ń ró,
obìnrin kan ń dáhùn jẹ́jẹ́,
ó rò pé àlejò lòun ń yẹ́ sí.