Ọwọ́ Tó Fẹ́ Wọ Akèrègbè

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí Tìámíyù ti ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe
ní Alékúwodò, lálẹ́ Sátidé,
a máa ń ti àwọn ẹ̀rọ tó ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
a ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì,
a ó sì di ẹlòmíràn.

Tìámíyù ló ń pìtàn.
Á ní, "Ẹ ti dé ẹnu ihò. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"
Dáìsì olójú ogún á máa yí gbirigbiri
láàrin ẹ̀pà yíyan àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò.

Èmi, mo kọ orúkọ akọni mi gàdàgbà sórí bébà:
Arógunmásàá.
Ó mọ idà á jù, ó ń ṣí àgádágodo,
ó gbọ́ èdè ẹyẹ, ó mọ ewé, ó mọ egbò,
ó ń tọ ipasẹ̀ ẹranko lórí àpáta.
"Ṣé ó tún ń se ọbẹ̀ ni?" Jọláadé ló bi mí.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ kún un.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,
t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè.
Èmi fẹ́ tó pẹpẹ,
mo fẹ́ wọ akèrègbè,
bí wọ́n bá gbà fún mi, màá jẹ́ pẹpẹ náà fúnra rẹ̀.

Ṣùkúrá ò kọ ju ìlà kan lọ.
Atukọ̀. Ó mọ omi.
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí i sí; láti kékeré
ló ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri
ibi tí àgbàrá dé lọ́dọọdún.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi rìn nínú aṣálẹ̀ Tìámíyù.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń pa ẹ̀pà fún wa.

Lọ́sẹ̀ keje, iná lọ.
Làǹtánì oníbátìrì kan ṣoṣo la ní.
Tìámíyù ní ká máa gbé e síwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn.
Ìgbà náà ni mo tó rí i:
wákàtí kan gbáko, ìmọ́lẹ̀ ò kúrò níwájú mi.
Orí bébà tèmi nìkan
ni kòkòrò ń kú sí.

Ìtàn dé etí odò.
Odò dúdú, ó ń sáré, kò ní afárá.
Mo ti lanu. Arógunmásàá lè lúwẹ̀ẹ́,
mo kọ ọ́ síbẹ̀, lábẹ́ ọbẹ̀ sísè.
Dáìsì ti gbóná lọ́wọ́ mi.
N ò rí ojú Ṣùkúrá nínú òkùnkùn,
èèpo ẹ̀pà nìkan ni mò ń gbọ́: pá. Pá.
Nígbà tó yá, n ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo ti làǹtánì sí i.
Ó fọwọ́ bojú. Ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ jù fún un.
"Ẹ má gba ibi tó dákẹ́," ó ní, "ibẹ̀ ló jìn.
Ibi tí omi ti ń hó yẹn, òkúta wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
Ẹ so okùn mọ́ mi nídìí.
Kí akọni yín ti idà bọ àkọ̀, kó di okùn mú."

Ó ju dáìsì. Méjì.
Tìámíyù ní omi ti gbé e.
Jọláadé pariwo: "Arógunmásàá, fà á!"
Gbogbo iṣẹ́ mi ò ju okùn dídìmú lọ.
N ò di nǹkan mú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.
Àtẹ́lẹwọ́ mi làágùn sórí okùn tí kò sí.
Ó tún ju. Mọ́kàndínlógún.
Ó gúnlẹ̀, ó fà wá kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan,
títí kan ràkúnmí.

Iná dé lágogo mẹ́wàá; kò sẹ́ni tó rántí pa làǹtánì.
Mo mú báírò, mo ń fa ìlà pa nǹkan rẹ́.
Jọláadé ni mo fún ní èdè ẹyẹ, ó ti ń wò ó tipẹ́.
Àgádágodo lọ. Ewé lọ. Ìlúwẹ̀ẹ́ lọ.
Mo fi ọbẹ̀ sílẹ̀.
Ìrìn ṣì pọ̀ níwájú, ebi á máa pa wọ́n.